Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ń lé ibà Lásà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọ̀wọ̀ ni mo wà, gaàrí àti èlùbọ́ ni mo ń tà. Ọmọ ìyá méjì kan wà ládùúgbò wa, yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ibà Lásà pa èyí ẹ̀gbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Àbúrò ò tilẹ̀ ní kí orí fọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni kan wá ń sọ lọ́jà pé àwọn òyìnbó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wò, pé wọ́n rí ohun tó ń lé Lásà nínú rẹ̀, pé àbúrò ló jogún rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni ohun tí ojú ò rí ṣe ń mọ ẹni tó máa pa àti ẹni tó máa fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, gaàrí tí eku bá wọ̀ ńkọ́? Ṣé tí mo bá tún un yan, kò ti tán?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi kí àwọn òbí ọmọ yẹn. Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé wá sọ́jà kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ó níbi tó ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ gidi tí mo bọ̀wọ̀ fún ni. Ṣùgbọ́n kó tó dé etí yín, ó ti di ohun tó lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè gbé ibà jókòó sílé, kó máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun á lé e. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìbàdàn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ àbùdá láti orílẹ̀-èdè mélòó kan fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti yàtọ̀ síra nínú àbùdá, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní HapMap. Ìdílé 30 láàárín àwọn Yorùbá Ìbàdàn fún wọn ní ẹ̀jẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn 90. Ní 2007, Pardis Sabeti, onímọ̀ àbùdá kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá wọ̀nyẹn wò. Wọ́n ń wá ibi tí irú jíìnì kan, ìyẹn ìlànà inú àbùdá tí ọmọ ń jogún, ti gbilẹ̀ láàárín ìran díẹ̀, tó yára ju bí èèṣì lásán ṣe lè mú un yára lọ. Bí jíìnì kan bá gbilẹ̀ báyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tó ní in ń yè tàbí ń bímọ ju àwọn tí kò ní in lọ. Lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn, méjì nínú àwọn jíìnì tó hàn gedegbe ni LARGE àti DMD. Àwọn méjèèjì ló sì ní í ṣe pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí fáírọ́ọ̀sì Lásà máa ń dì mú lára wa. Wọ́n wá dábàá pé ó ṣeé ṣe kí Lásà ti máa pa àwọn baba ńlá wa láti ayébáyé, débi pé àwọn tó ní irú LARGE kan ni ọmọ wọn ń yè jù.

Àbá ni wọ́n dá. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ò sì sọ ni ìdí tí orúkọ Yorùbá fi wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé wọ́n yẹ Hausa, Ìgbò, Mende àti Yorùbá wò, kí wọ́n tó rí i lára Yorùbá nìkan. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n lò ní 2007 yẹn, Yorùbá Ìbàdàn nìkan ló dúró fún gbogbo Áfíríkà. Àwọn yòókù jẹ́ ará Ṣáínà, ará Japan àti àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Yúróòpù wá. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màmá, Ọ̀wọ̀ lẹ wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí Lásà ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, pé wọ́ọ̀dù Lásà wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá bá ń lé Lásà, kí ni wọ́ọ̀dù yẹn ń ṣe ní àárín Ọ̀wọ̀?

Síbẹ̀, LARGE kì í ṣe àròsọ. Kó tó lè yé wa, a ní láti mọ ohun tí Lásà ń dì mú lára wa. Iṣẹ́ tèmi gan-an rèé, nítorí ìrísí àwọn fáírọ́ọ̀sì ni mò ń wò lójoojúmọ́, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Fáírọ́ọ̀sì Lásà kéré débi pé bí ẹ bá to 10,000 rẹ̀ tẹ̀ léra, wọn ò ní gùn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Kò lójú, kò ní ọpọlọ, kò lè rìn. Okùn méjì tí à ń pè ní RNA ló wà nínú rẹ̀, ara wọn ni ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà. Ìlànà purotéènì mẹ́rin péré, ìyẹn àwọn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ fún un, ló sì wà lára okùn méjèèjì. Tiwa tó nǹkan bí 20,000. Mẹ́rin yẹn ló fi ń ṣe wá báyìí. Awọ ọ̀rá ló bò ó, awọ ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì tó ti jáde ló ti gé e bora.

Lórí awọ yìí ni àwọn ẹ̀gún yọ sí. Ẹ̀ka mẹ́ta tó jọra ló para pọ̀ di ẹ̀gún kan. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní apá òkè, GP1, àti apá ìsàlẹ̀, GP2, pẹ̀lú èkẹta tó kéré gan-an tó há sínú awọ ọ̀rá. Iṣẹ́ GP1 ni láti di sẹ́ẹ̀lì wa mú. Iṣẹ́ GP2 ni láti la ọ̀nà wọlé.

Ohun tí GP1 ń dì mú ni dystroglycan. Láti 1998 la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Purotéènì yìí wà lára sẹ́ẹ̀lì káàkiri ara wa: ẹran ara, ọkàn, ọpọlọ, àní olóbi pàápàá. Òun ló ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tó yí i ká, kí ẹran ara má baà máa ya nígbà tí a bá ń rìn tàbí tí a bá ń gbẹ́rù. Kì í ṣe purotéènì náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìsopọ̀ yìí. Ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn kan tó so mọ́ ọn lára ló ń ṣe é. Oríṣi ṣúgà méjì ló para pọ̀ di ẹ̀wọ̀n náà, xylose àti glucuronic acid, wọ́n ń gba ipò fún ara wọn títí dé ìdí. LARGE ni orúkọ jíìnì tó ń gbé òṣìṣẹ́ tó ń hun ẹ̀wọ̀n yìí jáde. Bí LARGE bá bà jẹ́ pátápátá lára ọmọ, ẹran ara ọmọ náà á máa kú díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ náà á sì fara gbá.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Lásà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọpọlọ tó fi gbọ́n. Ó di ohun tí a kò lè sọ nù mú. Ara wa ò lè sọ pé òun ò ṣe ẹ̀wọ̀n ṣúgà yìí mọ́ nítorí Lásà. Ohun tí LARGE lè ṣe kò ju kó yí bó ṣe ń hun ún padà díẹ̀, kí Lásà má rí i dì mú dáadáa, kí ẹran ara sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àyè tó há gádígádí ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ retí pé irú LARGE kan á lé Lásà pátápátá.

Ó pẹ́ kí a tó rí bí ẹ̀gún náà ṣe ń di ṣúgà yìí mú. Bí ẹ bá yọ GP1 nìkan sọ́tọ̀, kì í di ẹ̀wọ̀n náà mú bó ṣe yẹ, ìyẹn sì da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ọ̀nà tí wọ́n fi rí i ni pé wọ́n á tẹ́ omi tó ní ẹ̀gún nínú pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í lójijì sínú ethane olómi tó tutù dé nǹkan bíi −180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi náà á gan kó tó ráyè di hóró yìnyín. Wọ́n á wá fi electron yà á. Àwòrán kọ̀ọ̀kan dúdú, ó rú, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ ọn á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ẹ̀gún pọ̀, tí á tò wọ́n lé ara wọn, títí ojú ẹ̀gún kan ṣoṣo á fi mọ́ kedere. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jìjàdù kí ọ̀nà yìí tó fìdí múlẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017. Òun ni ẹgbẹ́ Ron Diskin ní Ísírẹ́lì lò ní 2022 láti wo ẹ̀gún Lásà lódindi, pẹ̀lú ṣúgà yẹn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rí i pé téńté orí ẹ̀gún, níbi tí GP1 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ni ẹ̀wọ̀n ṣúgà náà gbà. Kò sí GP1 kan tó lè dá a ṣe. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.

Bí ẹ̀gún bá ti di ṣúgà mú, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á gbé fáírọ́ọ̀sì mì, bó ṣe máa ń gbé ohun mìíràn mì. Inú àpò kékeré kan ló bá ara rẹ̀. Bí àpò yẹn ṣe ń wọnú lọ ni inú rẹ̀ ń kan sí i, bí ògì tó kan. Kíkan yẹn ni Lásà ń dúró dè. Àwọn ibì kan wà lára GP1 tí wọ́n máa ń gba iná mọ̀nàmọ́ná kíún sára tí inú àpò bá di kíkan. Ìrísí GP1 á yí padà, á fi ṣúgà sílẹ̀, á sì di ohun mìíràn mú tó wà nínú àpò náà, LAMP1 ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ní Netherlands ló ṣàwárí ìyẹn ní 2014. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn ni ti adìẹ. Sẹ́ẹ̀lì adìẹ kì í gba Lásà, wọ́n sì rí ìdí rẹ̀: ṣúgà kan ṣoṣo tó yẹ kó wà lára LAMP1 ni kò sí lára tirẹ̀. Ṣúgà kan péré, ní ojú ibì kan péré!

Nígbà tí GP1 bá ti kúrò lọ́nà, ó ku GP2. Pàkúté tí wọ́n ti dẹ ni GP2, Màmá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti fà á le, GP1 ló ń dì í mú kó má ré. Bí GP1 bá ti yẹ̀, ó ré nìyẹn. Orí rẹ̀ á ta jáde, á gún awọ àpò náà, lẹ́yìn náà á ká padà sórí ara rẹ̀, á sì fa awọ fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra títí wọ́n á fi di ọ̀kan. RNA á ti ihò tó là wọlé. Èyí tó bá ti ré kò ṣeé tún dẹ. Èyí tó bá ré láìtó àsìkò ti ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ wo ìbéèrè yín lórí ẹni tó máa pa àti ẹni tó máa fi sílẹ̀. Kò mọ̀. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí yíyàn ti wọlé. Ìrísí ló pàdé ìrísí, inú àpò di kíkan, pàkúté ré. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jọ sùn nínú eruku tí eku tọ̀ sí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó ti wọ ara àwọn méjèèjì.

Èyí ló máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú ẹni mẹ́wàá tí Lásà bá wọ ara wọn, nǹkan bíi mẹ́jọ ni àìsàn rẹ̀ kì í le, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní mọ̀. Láti 1988 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tómórì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Nàìjíríà wò, tí wọ́n sì rí àmì pé Lásà ti gba ara nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn kọjá. Àbúrò yẹn lè wà lára irú wọn. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún áńtíbọ́dì Lásà, ìyẹn ohun ìjà tí ara ṣe láti fi bá Lásà jà, ló lè sọ ọ́, kì í ṣe orúkọ ìran rẹ̀.

Kí ló wá ya ẹni mẹ́jọ yẹn kúrò lára méjì tó kù? Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ eré ìje láàárín fáírọ́ọ̀sì àti ara. Nígbà tí Lásà bá ń bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì, okùn RNA onílọ̀ọ́po méjì máa ń yọ. Sẹ́ẹ̀lì wa kì í ṣe irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà tó bá ti rí i, á ké, á tú interferon, èròjà tí ara fi ń kìlọ̀, jáde, gbogbo àdúgbò ara á sì jí gìrì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú purotéènì mẹ́rin Lásà, NP, ní ẹnu kan lápá ìdí tó ń jẹ okùn yẹn láti ìpẹ̀kun. Ó ń jẹ ẹ̀rí kó tó débi tí wọ́n á ti rí i. Ní 2010 àti 2011 ni wọ́n gbé ìrísí ẹnu náà jáde. Bí wọ́n bá yí èròjà kan péré padà ní àárín rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ mọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo ìgbà tí ara ò bá tíì jí, Lásà ń bí lọ. Àwọn tó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì máa ń kún ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti àwọn tó ń yè lọ, àwọn ọmọ ogun ara wọn sì máa ń jí pẹ́. Bí èyí tó kọ́kọ́ wọlé bá ṣe pọ̀ tó, bí ara bá ṣe yára jí sí, oyún pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Aboyún tó ti súnmọ́ ìbímọ ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ọmọ ìyá méjì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà yẹn láìsí pé àbùdá ló pín wọn.

Àbùdá ńkọ́? Ní 2024, iṣẹ́ tí ẹ̀yin ará ọjà ì bá ti gbọ́ dípò ti 2007 jáde. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Ìrùà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ti Sàró (Sierra Leone), àti àwọn onímọ̀ bíi Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, jọ yẹ àbùdá àwọn aláìsàn Lásà tó ju 500 lọ wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn tí kò ṣàìsàn. Lára àwọn ará Nàìjíríà, wọ́n rí i pé irú LARGE tó ti gbilẹ̀ yẹn máa ń dín ewu àìsàn náà kù. Lára àwọn ará Sàró, wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn tó ń lọ sí Ìrùà kì í ṣe Yorùbá nìkan, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ẹdó. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, nítorí inú ilé wa ni wọ́n ti ṣe é, lára àwọn tí àrùn náà ń pa. Ó gbè é lẹ́yìn pé LARGE ní ipa. Ipa náà ni pé ó ń dín ewu kù. Kò lé Lásà lọ, kò sì dúró sórí Yorùbá.

Màmá, ẹ̀jẹ̀ tó ń bá Lásà jà wà lóòótọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti kó o tó sì yè ni.

Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fura sí i. Ní 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ṣàìsàn ní ìlú Lásà ní Bọ̀rnó, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, ó sì yè. Jordi Casals tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Yunifásítì Yale kó àrùn náà; wọ́n fa omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo sí i lára, òun náà sì yè. Wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ fún àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò gbéṣẹ́ bákan náà lára gbogbo wọn. Ìrísí ẹ̀gún ló jẹ́ ká mọ ìdí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ẹ̀gún Lásà ní ojú 11 tí ṣúgà máa ń so mọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta, 33. Sẹ́ẹ̀lì wa ló ń so ṣúgà wọ̀nyẹn mọ́ ọn, nítorí náà àwọn ọmọ ogun ara máa ń wò wọ́n bí ará ilé. Abẹ́ aṣọ yẹn ni Lásà máa ń sá sí. Ó máa ń pẹ́ gan-an, lẹ́yìn tí aláìsàn ti gbádùn pàápàá, kí áńtíbọ́dì tó lè dá a dúró tó yọ, kì í sì í pọ̀.

James Robinson ní Yunifásítì Tulane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn 17 tí Lásà kò pa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2016 wọ́n sọ pé áńtíbọ́dì 113 ni àwọn rí yọ níbẹ̀. 16 péré ló lè dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró. Ọ̀pọ̀ nínú 16 yìí kì í mọ GP1 nìkan tàbí GP2 nìkan. Odindi ẹ̀gún ni wọ́n mọ̀, kó tó ré.

Wàhálà ńlá gbáà lèyí. Odindi ẹ̀gún ni kì í fẹ́ dúró. Gbogbo ẹni tó bá gbìyànjú láti ṣe é lẹ́yìn ara fáírọ́ọ̀sì, á tú ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, tàbí kó ré. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí Kathryn Hastie, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Erica Ollmann Saphire, fi bá a wọ̀yá ìjà. Níkẹyìn ó fi ìdè kan so GP1 mọ́ GP2 kí wọ́n má lè pínyà, ó fi èròjà tí kì í tẹ̀ há ibi tí GP2 máa ń tẹ̀ nígbà tó bá ń ré, ó sì tún ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń gé méjèèjì sọ́tọ̀ ṣe. Pàkúté náà dúró. Ó wá fi áńtíbọ́dì kan tó wá lára ẹni tó yè ní Sàró, 37.7H, dì í mú, ó sọ wọ́n di kírísítà, ìyẹn hóró líle tí wọ́n tò létòlétò bí iyọ̀, wọ́n sì gbé ìrísí rẹ̀ jáde ní 2017. Ẹ̀yin ẹ rò pé orí, níbi tí ṣúgà ń gbà, ni áńtíbọ́dì náà á ti mú un? Ìsàlẹ̀ ni. Ó dúró sí gbùngbùn ibi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé, ó tẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ pọ̀, GP2 ò sì lè ré mọ́. Fáírọ́ọ̀sì lè di sẹ́ẹ̀lì mú, wọ́n lè gbé e mì, inú àpò ni á kú sí.

Ní ọdún yẹn náà, wọ́n da mẹ́ta pọ̀ lára àwọn áńtíbọ́dì tí wọ́n rí lára àwọn tó yè, wọ́n fún àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ti kó Lásà ràn ní ìwọ̀n tó yẹ kó pa wọ́n. Àwọn tí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó fún, tí àìsàn ti wọ̀ lára, gbogbo wọn ló yè. Nígbà tí mo kà á, mo tún un kà. Kò tíì di oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, ó sì ń dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí lára àwọn tálákà ilẹ̀ wa ni wọ́n ti rí i.

Àjẹsára náà ń bọ̀. Èyí tó ti lọ jìnnà ni ti IAVI, àjọ kan tó ń ṣèwádìí àjẹsára. Fáírọ́ọ̀sì ẹran ọ̀sìn kan ni wọ́n yọ ẹ̀gún rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀gún Lásà rọ́pò, kí ara lè mọ ẹ̀gún náà láìrí Lásà fúnra rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Àbújá ní 2024. Ohun tí mo ń ṣọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀gún tí wọ́n lò wá láti ara Lásà ti Sàró, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà Lásà tó wà ní Oǹdó àti Ẹdó yàtọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì pé ara àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ti ń dán an wò.

Kó tó dé, ẹ sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ọjà: ibà tí oògùn ibà ẹ̀fọn kò gbọ́, tí ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì tàbí àyà dídùn bá a rìn, wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, Yorùbá ni o, Ìgbò ni o. Oògùn ribavirin tí wọ́n ń lò, iyàn wà láàárín àwọn dókítà lórí bí agbára rẹ̀ ṣe tó, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sàró tí wọ́n gbé jáde ní 1986, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló rí oore rẹ̀ jù. Omi tí wọ́n ń fà sí ara, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ kíndìnrín, ìyẹn náà ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó bá yè, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó ṣàìsàn rẹ̀ gan-an ni etí rẹ̀ máa ń di. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń pè ní olóríkunkun nílé ìwé, tó jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ ni.

Gaàrí wá ńkọ́? Awọ ọ̀rá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló dáhùn rẹ̀. Ọṣẹ á tú u, búlíìsì á tú u, iná agbada á sì ba ẹ̀gún jẹ́ pátápátá. Nítorí náà bí ẹ bá tún gaàrí náà yan dáadáa, fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí iná, ẹ ti bu ìtọ̀ eku lọ́wọ́, ẹ ti sẹ́ ẹ, ẹ ti fa eruku rẹ̀ símú, ajọ̀ àti igbá ti fara kàn án. Ọwọ́ àti imú yín ni Lásà máa gbà, kì í ṣe ọ̀fun oníbàárà. Ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé owó ni. Bí ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ́n omi búlíìsì sí i kó tutù kó má baà bu eruku, ẹ dáná sun ún tàbí kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Èyí tí ẹ bá ti yan, inú garawa tó ní ìdérí ni kó wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe inú àpò. Eku ń jẹ àpò já. Ẹ má sì sá èlùbọ́ sí etí títì mọ́, ẹ gbé e sórí pẹpẹ gíga, kẹ́ ẹ sì kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Oníbàárà tó máa fi omi tútù mu gaàrí yín kò ní gbé e kaná mọ́, torí náà ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ìmọ́tótó rẹ̀ parí sí.